Jákẹ́ẹ̀tì Eré Tí N Kò Sá Parí

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí nílùú òyìnbó kì í ṣe òtútù. Bí wọ́n ṣe ń pe àgbàlagbà lórúkọ ni. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mi lẹ́nu iṣẹ́, nílé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, ọmọbìnrin kan tí kò lè tíì pé ọmọ ogún ọdún mú mi wọ yàrá kan, ó nawọ́ sí bàbá kan tí irun orí rẹ̀ funfun bí òwú, ó ní, “Hẹ́nrì nìyí.” Ó yíjú sí bàbá náà, ó ní, “Hẹ́nrì, ẹni tuntun tí yóò máa wẹ̀ ọ́ ló dé yìí.” Mo ti dọ̀bálẹ̀ dé ìdajì kí n tó rántí ibi tí mo wà. Bàbá náà wò mí, ó bi mí bóyá nǹkan mi ló bọ́ sílẹ̀.

Ní Tẹ̀dé, níbi tí wọ́n bí mi sí, ẹnikẹ́ni kì í pe bàbá mi lórúkọ. Tísà Àgbà ni gbogbo ìlú ń pè é, títí kan àwọn tí wọ́n jọ dàgbà. Ó fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, òun sì ni bàbá ìjọ wa. Èmi náà ṣe tísà. Eré ìdárayá ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama, ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni mo sì fi fọn fèrè lórí pápá náà kí n tó kúrò nílé. Mi ò ní sọ bí mo ṣe dé òkè òkun. Ẹni tó ti lọ rí mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò lọ rí kò ní gbà á gbọ́.

Bàbá mi ló kọ́ mi ní eré sísá. Nígbà ọyẹ́, kí oòrùn tó yọ, á gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, èmi á sì máa sá níwájú rẹ̀ lójú ọ̀nà Irawo, láàárín pápá tí iná ti jó, tí eérú rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Kò sọ fún mi rí pé kí n yára. Ohun tó máa ń sọ ni pé, “Ibi tó o bá ti dúró, sọ pé ibẹ̀ lo ti dúró.” Nígbà tí èmi náà di tísà, ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ń dá àwọn ọmọ lẹ́jọ́. Ọmọ tó bá sá pamọ́ sẹ́yìn àpáta nígbà eré ọ̀nà jíjìn, tó wá yọ́ dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń darí bọ̀, màá dá a padà kó lọ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mo le. Mo sì rò pé òótọ́ ló jẹ́ kí n le.

Òkè ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń din ẹja ni yàrá mi wà nílùú tí mo dé. Òórùn òróró kì í kúrò lára aṣọ mi. Mo lè lọ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì kí ẹnikẹ́ni má bi mí bí mo ṣe jí. Nínú bọ́ọ̀sì, àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni àwọn èèyàn máa ń jókòó sí kẹ́yìn, lẹ́yìn tí gbogbo àga tó kù bá ti kún. Kò sẹ́ni tó bú mi. Ǹ bá tiẹ̀ fẹ́ kí wọ́n bú mi, ẹni tí wọ́n bá bú, wọ́n ti rí i nìyẹn.

Ọjọ́ Ìsinmi ni mo máa ń pe ilé. Àbúrò mi obìnrin, Rúùtù, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ṣakí, máa ń lọ sí Tẹ̀dé lọ́jọ́ náà láti bá Bàbá jẹun lẹ́yìn ìsìn, òun ló sì ń bá a di fóònù mú. Bàbá á bi mí bóyá mo ti jẹun. Á bi mí bóyá mo ti rí ìjọ tó dára. Lẹ́yìn náà, á bi mí bí àwọn ọmọ ilé ìwé mi ṣe ń ṣe sí, torí ó gbà pé tísà ni mo ń ṣe níbẹ̀, ohun tó sì ti sọ fún gbogbo ìlú nìyẹn. Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní iṣẹ́ ń lọ déédéé. Mo rò pé ẹni tí kò sọ̀rọ̀ kò tíì purọ́.

Bàbá Hẹ́nrì, bí mo ṣe ń pè é nínú ọkàn mi, kì í fẹ́ kí wọ́n máa fi ṣíbí bọ́ òun bí ọmọ ọwọ́. Ó ti kọ oúnjẹ fún ọjọ́ méjì nígbà tí wọ́n ní kí èmi gbìyànjú. Mo gbé àwo sílẹ̀, mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn àwọn àpáta Òkè-Ògùn fún un, bí oòrùn ṣe máa ń mú kí wọ́n gbóná débi pé àwọn obìnrin ń sá èlùbọ́ sórí wọn. Ó bi mí bóyá èèyàn lè sáré gun wọ́n. Mo ní mo ti sá a gùn lọ́pọ̀ ìgbà. Ó na ọwọ́ sí ṣíbí fúnra rẹ̀. Ó ní sárésáré lòun náà nígbà kan, àmọ́ ẹsẹ̀ òun ti di àlejò lára òun. Lọ́jọ́ yẹn ló bi mí ní orúkọ mi, tó sì ń pè é títí tó fi mọ̀ ọ́n pè, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ bó ṣe yẹ. Mo lọ sílé ìyàgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún.

Mọrín, obìnrin tó ń se oúnjẹ nílé náà, ló gbọ́ pé mo máa ń sáré. Eré ìje kan wà tó gbajúmọ̀ ní agbègbè yẹn. Orí òkè mẹ́rin lẹ́bàá òkun ni wọ́n ti ń sá a, láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹni tí kò bá sì dé àwọn ibi tí wọ́n yàn sójú ọ̀nà lásìkò, wọ́n á yọ ọ́ kúrò. Mọrín fi orúkọ mi sílẹ̀ fún un kó tó sọ fún mi. Mo fi oṣù márùn-ún sá kiri nínú òjò lẹ́yìn iṣẹ́. Inú mi dùn lásìkò náà. Mo ti ní ohun kan tí mo ń jí fún. Mo ń rò ó pé bí mo bá lè parí eré yìí, n ó ti ṣe ohun kan lórí ilẹ̀ yìí tí wọn ò lè gbà lọ́wọ́ mi, n ó sì ní ohun gidi láti sọ fún bàbá mi lọ́jọ́ Ìsinmi.

Nígbà tí mo sọ fún Bàbá Hẹ́nrì pé mo fẹ́ lọ sá a, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ní kí n ṣáà wá ròyìn rẹ̀ fún òun.

Mo sá òkè kìíní, mo sá ìkejì. Ní òkè kẹta, ògiri kékeré kan wà tí wọ́n fi òkúta tò, tí àwọn àgùntàn ń fara pamọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ nítorí òjò. Mo dé ibẹ̀, mo jókòó. Ó yẹ kí n lè sọ pé orúnkún mi yẹ̀, tàbí pé mo ṣubú. Kò sí ohun tó ṣẹ́, kò sí ohun tó yẹ̀. Mo kàn jókòó, mo sì ń wo àwọn tó ń kọjá, ara mi kò sì gbà kí n dìde. Mo sọ fún ara mi pé kí n ka ẹgbẹ̀rún, kí n wá dìde. Mo kà á tán. Ọkọ̀ tó ń kó àwọn tó kù sẹ́yìn bá mi níbẹ̀.

Obìnrin tó wa ọkọ̀ náà rí bí mo ṣe ń gbọ̀n. Páálí kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó kún fún jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń kó lọ sí ibi òpin, fún àwọn tó bá parí. Ó fa ọ̀kan yọ, ó fi bò mí léjìká. Ó dára gan-an, aláwọ̀ aró, inú rẹ̀ rọ̀ bí ìyẹ́. Wọ́n kọ orúkọ eré náà sí i lẹ́yìn gàdàgbà, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹni tó wọ̀ ọ́ ti sá a parí. Mo ní kì í ṣe tèmi. Ó ní òtútù kò mọ ìyẹn.

Ẹ̀wù òtútù tí mo ní tẹ́lẹ̀ ti ya lápá. Lọ́jọ́ Ajé, jákẹ́ẹ̀tì náà ni mo wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, mo sì ti pinnu pé màá bọ́ ọ kí n tó wọlé. Mọrín ti dúró sẹ́nu ọ̀nà dè mí. Ó rí i, ó gbá mi mọ́ra, ó kígbe pe gbogbo èèyàn. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àwọn arúgbó tó wà nínú pálọ̀ pàtẹ́wọ́. Ọmọbìnrin tó mú mi wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí kò tíì bá mi sọ ju gbólóhùn méjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ní òun fẹ́ bá mi ya fọ́tò, ó ní kí n kọ ẹ̀yìn síta kí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ lè hàn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni mo ní láti sọ̀rọ̀. Mo ń rẹ́rìn-ín, ìṣẹ́jú náà sì kọjá.

Nínú bọ́ọ̀sì, nǹkan yí padà lọ́wọ́ kan. Àwọn èèyàn ń jókòó tì mí. Ọkùnrin kan bi mí bí afẹ́fẹ́ ṣe rí lórí òkè kẹrin. Obìnrin kan ní ọmọ òun gbìyànjú rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, kò lè ṣe é, ó ní ọkùnrin gidi ni mí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti dé, wọ́n ń rí mi kí wọ́n tó rí àwọ̀ mi. Mo mọ̀ pé jákẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń kí. Mo sì ń wọ̀ ọ́ lọ síbi gbogbo, kódà lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn.

Mo fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí Rúùtù láìkọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Ó ka ohun tó wà lẹ́yìn jákẹ́ẹ̀tì fún Bàbá. Bàbá ní kó tẹ̀ ẹ́ jáde ní Ṣakí, ó fi í sínú gíláàsì, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀ wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìyá wa olóògbé. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó jáde síwájú ìjọ, ó dúpẹ́, wọ́n sì bá a kọrin. Rúùtù ní ó tiẹ̀ gbé fọ́tò náà lọ sí ilé ìwé girama tí mo ti kọ́ni, ó dúró níwájú àwọn ọmọ lórí pápá, ó sì sọ fún wọn pé ẹni tó ń fọn fèrè níbí ni wọ́n ń wò yìí. Nígbà tí Bàbá gba fóònù, ó kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó ní òun mọ̀ pé n ò ní jókòó sójú ọ̀nà láé. Mo ní, “Ẹ ṣé, sà.”

Bàbá Hẹ́nrì nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó ní kí n jókòó, kí n sọ bí òpin eré náà ṣe rí fún òun. Mo ti wo fọ́tò ibẹ̀ lórí fóònù, torí náà mo sọ ọ́: bí ọ̀nà ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ sí etíkun, bí àwọn èèyàn ṣe tò lápá ọ̀tún àti òsì, àti agogo ńlá kan tí ẹni tó bá dé máa ń fà. Ó pa ojú dé, ó ń gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn lọ, kò sí ọ̀sẹ̀ tí kì í ní kí n tún un sọ. Mo ń fi nǹkan kún un. Mo fi ẹyẹ kún un. Mo fi obìnrin àgbàlagbà kan kún un tó fún mi ní omi, tó sì pè mí ní ọmọ òun. Nígbà tó yá, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rí obìnrin yẹn.

Nígbà tí àìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í borí rẹ̀, tí kò lè dá jókòó mọ́, mo ń nu ẹsẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sì sọ ohun tí kò sọ fún mi rí.

“Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bẹ̀rẹ̀ eré yẹn nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́,” ó ní. “Mi ò dé òpin rí. Ògiri òkúta kan wà lórí òkè kẹta. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí, lẹ́ẹ̀mejèèjì. Nǹkan kan kò ṣe mí. Mo kàn jókòó ni.”

Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè mi, gbogbo rẹ̀, àwọn àgùntàn, òjò, ẹgbẹ̀rún tí mo kà. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù, à bá sì jọ jókòó síbẹ̀, àwa méjèèjì. Jákẹ́ẹ̀tì náà wà lọ́rùn mi. Mo ronú ohun tó máa rò nípa gbogbo ohun tí mo ti ń sọ fún un láti oṣù mélòó kan wá, mo sì ń nu ẹsẹ̀ náà lọ.

“Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn kí n máa gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ,” ó ní. “Sọ ti agogo yẹn fún mi.”

Mo sọ ọ́.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi kú. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́ kẹ́yìn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Jéènì, tó máa ń wá wò ó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ní kí n wá síbi ìsìnkú, ó sì bẹ̀ mí kí n wọ jákẹ́ẹ̀tì náà, ó ní inú bàbá òun ì bá dùn. Mo wọ̀ ọ́. Àwọn ẹbí rẹ̀ fi mí han ara wọn pé ẹni tó sá a parí nìyẹn, ẹni tí Hẹ́nrì fẹ́ràn. Nígbà tí wọ́n ń mu tíì lẹ́yìn rẹ̀, n kò lè fara dà á mọ́. Mo bá Jéènì níbi tó dúró sí lẹ́bàá fèrèsé, mo sọ fún un pé mi ò parí eré náà, pé lórí òkè kẹta ni mo jókòó sí, níbi ògiri òkúta.

Kò bínú. Ó wo ife ọwọ́ rẹ̀ títí.

“Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi rò pé òun nìkan ló jókòó síbẹ̀,” ó ní.

Ó gbé ife náà sílẹ̀, ó lọ bá àwọn ẹbí rẹ̀.

Mo sọ fún Mọrín ní ọjọ́ kejì. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ta ló ka ìyẹn sí, jákẹ́ẹ̀tì ṣáà ni, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gé àlùbọ́sà rẹ̀ lọ. Àwọn yòókù náà gbọ́, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Mo ti rò pé ara yóò tù mí. Àmọ́ mo wá rí i pé níbi tí wọn ò ti ka irọ́ mi sí, wọn ò ka èmi náà sí. Ẹni kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ náà ì bá dùn nílé yẹn, èmi ni mo fi aṣọ bò ó lójú lọ́jọ́ tó kú.

Ẹni kan ṣì kù tí yóò dùn. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo ní kí Rúùtù gbé fóònù fún Bàbá. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo sọ ti iṣẹ́ mi náà, pé mi ò kọ́ ọmọ kankan, pé àwọn arúgbó ni mò ń wẹ̀. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Mo gbọ́ tí ewúrẹ́ kan ń ké lẹ́yìnkùlé wa.

Ó ní, “Iṣẹ́ tó ò ń ṣe kì í ṣe ìtìjú. Ṣé ẹnì kan ló fipá wọ aṣọ náà fún ọ?”

Mo ní, “Rárá, sà.”

“Mo fi aṣọ yẹn dúró níwájú Ọlọ́run. Mo fi í dúró níwájú ọmọ ọlọ́mọ.”

Mo ń bẹ̀ ẹ́ nígbà tó gbé fóònù padà fún Rúùtù.

Rúùtù ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà fún mi. Bàbá yọ fọ́tò náà kúrò lára ògiri. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó dìde nínú ìjọ, ó sọ fún wọn pé òun jẹ́rìí èké níwájú wọn nípa ọmọ òun, ó sì ní kí wọ́n yan ẹlòmíràn sípò bàbá ìjọ. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kì í ṣe òun ló ṣẹ̀. Kò gbà. Lọ́jọ́ Ajé, ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìwé girama, ó ní kí ọ̀gá ilé ìwé tún kó àwọn ọmọ jọ sórí pápá. Rúùtù ní òun ò lè sọ ohun tó sọ fún wọn, torí kò sọ ọ́ fún òun.

Òtútù ọdún náà tún dé. Mo ṣì ń wọ jákẹ́ẹ̀tì yẹn, òun ló móoru jù nínú ohun tí mo ní. Mo máa ń yí inú rẹ̀ síta kí ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ má bàa hàn. Nínú bọ́ọ̀sì, àga ẹ̀gbẹ́ mi ti tún di èyí tí wọ́n ń jókòó sí kẹ́yìn. Èèyàn kan ti wà nínú yàrá Bàbá Hẹ́nrì, ìyá kan tí kì í fẹ́ kí ọkùnrin wẹ òun.

Mo ṣì ń pe ilé. Mi ò tíì pa ọjọ́ Ìsinmi kan jẹ. Rúùtù ló máa ń gbé e. Á sọ ti òjò fún mi, á sọ bí iṣu ṣe ta, á sọ ẹni tó bímọ àti ẹni tó kú. Mo máa ń jẹ́ kó sọ gbogbo rẹ̀ tán kí n tó béèrè. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá yìí, mo ní, “Bàbá ńkọ́?”

Ó ní, “Wọ́n lọ sóko, bọ̀dá mi.”

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n, bàbá mi kò lọ sóko lọ́jọ́ Ìsinmi rí. Mo sì ń gbọ́ ẹnì kan tó ń wúkọ́ nítòsí Rúùtù, ikọ́ tí mo mọ̀ láti kékeré.

Mo ní, “Tí wọ́n bá dé, bá mi kí wọn.”

“Wọ́n á gbọ́,” ni Rúùtù wí.